Bí A Ṣe Ń Wá Olólùfẹ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì Láìkó Sí Wàhálà

Láyé àtijọ́, alárinà ló ń gbé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lọ, òun náà ló ń gbé e bọ̀. Kí àwọn òbí tó jóhẹn, wọ́n á ti wádìí ìdílé kejì délẹ̀: ṣé kò sí àìsàn ìran níbẹ̀, ṣé wọn kì í ṣe onígbèsè, ṣé wọ́n mọ ìyàwó tọ́jú. Áàpù ti gba iṣẹ́ ìfojúsóde lọ́wọ́ alárinà, àmọ́ kò gba ti ìwádìí mọ́ ọn. Lára àwọn áàpù tí wọ́n fi ń wá olólùfẹ́, Tinder dé ní 2012, Badoo sì ti wà láti 2006. Wọ́n lè fi àmì sí ojú ìwé ẹnì kan pé òun ló ni àwòrán tó gbé síbẹ̀, ṣùgbọ́n àmì yẹn kò ní sọ fún yín bóyá ó ti níyàwó sílé. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe èyí tó kù. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fara gbá a, ibẹ̀ náà ni màá sì pẹ́ sí jù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ forúkọ sílẹ̀

Ẹ fi ṣíìmù mìíràn ṣe é, kì í ṣe èyí tí báńkì yín so mọ́. Àwòrán mẹ́ta tó: ọ̀kan tó fojú hàn dáadáa, ọ̀kan tó gbé yín látòkè délẹ̀, ọ̀kan níbi tí ẹ ti ń ṣe ohun tí ẹ fẹ́ràn. Kò sí ìdí láti san owó fún ayàwòrán. Ẹ dúró lẹ́bàá fèrèsé láàárọ̀, kí ẹnì kan bá yín yà á. Ẹ má lo àwòrán tó ti wà lórí Facebook yín, torí ẹni tó bá fi Google wá a lè ti ibẹ̀ mọ orúkọ yín àti ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó lẹ ń wá, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba. Ẹ má tíì san owó oṣooṣù fún áàpù kankan. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tó lò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀

Èyí kò le. Ẹ kí i, kí ẹ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí ohun tó kọ sí ojú ìwé rẹ̀. Kó má ṣáà kọjá ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó bọ́ sí ìgbésẹ̀ kẹta.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wádìí rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ gbé àwòrán rẹ̀ sínú Google Lens, irinṣẹ́ Google tó ń wá ibòmíràn tí àwòrán wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ojú kan náà bá ń jẹ́ orúkọ mìíràn níbòmíràn, ẹ ti rí ìdáhùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ pè é lórí fídíò, lójijì, lálẹ́ ọjọ́ tí kò retí yín. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Àwọn ọmọ Yahoo ti ń fi kọ̀ǹpútà gbé ojú ẹlòmíràn wọ̀ báyìí, torí náà ẹ ní kó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì ju ọwọ́ níwájú ojú rẹ̀. Ojú ayédèrú sábà máa ń gbọ̀n bí ọwọ́ bá kọjá lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kámẹ́rà rẹ̀ bàjẹ́ lónìí, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa lọ́la, tó tún wà ní ìpàdé lọ́tùn-únla, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ máa kọ ohun tó bá sọ sínú ìwé kékeré kan. Ìwé ni mo fara mọ́, torí fóònù lè sọnù. Bó bá ní Bódìjà n'Ìbàdàn lòun ń gbé, ẹ bi í ní ọ̀nà tó ń gbà dé Dùgbẹ̀. Bó bá ní sọ́jà Amẹ́ríkà lòun ní Síríà, tàbí pé iṣẹ́ epo lòun ń ṣe láàárín òkun, ẹ ṣọ́ra gidigidi: àwọn tí kò fẹ́ kí ẹ rí àwọn ló fẹ́ràn iṣẹ́ wọ̀nyí.

Owó ńkọ́? Kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín kí ẹ tó fojú kojú. Kó má jẹ́ owó mọ́tò, kó má jẹ́ dátà, kó má jẹ́ gift card tàbí bitcoin, kó má jẹ́ owó ẹrù tí àwọn aṣọ́bodè dá dúró. Owó mọ́tò ló ń mú àwọn ọkùnrin jù nílẹ̀ wa: bí obìnrin náà bá ti gbà á tán, fóònù rẹ̀ á kú. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú kì í tọrọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n á máa jí yín láràárọ̀, wọ́n á máa béèrè bóyá ẹ ti jẹun, títí tí ẹ kò fi ní lè sùn láìgbọ́ ohùn wọn. Ọjọ́ náà ni ìyá wọn máa bọ́ sí ilé ìwòsàn. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Mi ò kì í fowó ránṣẹ́ sí ẹni tí mi ò tíì rí." Olóòótọ́ lè bínú díẹ̀, á padà wá.

Ẹ má sì fi àwòrán ìhòòhò ránṣẹ́, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, tó ń fi dẹ́rù bà yín, ẹ má sanwó, nítorí sísan kì í parí rẹ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọ, kí ẹ gbé e lọ bá ọlọ́pàá. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pàdé

Ọ̀sán Sátidé, níbi tí èrò pọ̀: Cocoa Mall ní Ìbàdàn, Ikeja City Mall l'Ékòó. Ẹ wọ ọkọ̀ tiyín lọ, kí ẹ wọ tiyín bọ̀. WhatsApp lè máa fi ibi tí ẹ wà han ẹ̀gbọ́n yín fún wákàtí mẹ́jọ. Ẹ tàn án kí ẹ tó jáde. Ohun mímu tí wọn kò ṣí lójú yín, ẹ má mu ún.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ̀jẹ̀ àti ilé

Kí ìfẹ́ tó wọra, ẹ béèrè genotype. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni kó ṣeé ṣe kí ọmọ jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ má gba ìwé àtijọ́ gbọ́. Ẹ jọ lọ ṣe àyẹ̀wò tuntun pọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dá alárinà padà sẹ́nu iṣẹ́. Bó bá wà ní London tàbí Houston, ẹ ní kó júwe ilé àwọn òbí rẹ̀ nílé. Kí ẹ̀gbọ́n yín lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án Sunday, nígbà tí àwọn aládùúgbò máa wà nílé, kó rọra bi àwọn tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n, àti bóyá wọ́n ti jẹun níbi ìgbéyàwó rẹ̀ rí.