Bí mo ṣe ń fi ọwọ́ bomi rin tòmátì inú kókópíìtì, tí mo sì ń bọ́ ọ

Ohun tó ń pa tòmátì inú kókópíìtì, ìyẹn èèpo àgbọn tí wọ́n lọ̀, jù lọ ni kí ẹni tó gbìn ín máa tọ́jú rẹ̀ bí èyí tó wà nínú ilẹ̀: omi lásán lójoojúmọ́, ajílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ilẹ̀, bó ti wù kó ṣá tó, ṣì máa ń ní nǹkan díẹ̀ tí gbòǹgbò lè rí jẹ. Èèpo àgbọn tí wọ́n lọ̀ kò ní ohun tó tó jẹ. Ohun tí ẹ bá pò mọ́ omi ni tòmátì yín máa jẹ, ọjọ́ tí ẹ bá sì bu omi lásán fún un, ebi ló máa pa á mọ́jú. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí mo bá ń bomi rin ni mo ń fún un ní oúnjẹ, láti ìgbà tó ti yọ ewé méjì títí tí n ó fi ká èso tó kẹ́yìn.

Ìbàdàn ni mo wà, lápá Àkóbọ̀. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi ní àrùn tó ń mú kí tòmátì rọ lójijì pẹ̀lú ewé tútù lórí, tí yóò sì kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àrùn yìí wọ́pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa tí òjò ti ń pọ̀. Kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló ń fà á, kò sì sí oògùn tí a ó fín tí yóò lé e lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé tòmátì àti tàtàṣé mi kúrò nílẹ̀ pátápátá sínú báàgì kókópíìtì. Mi ò lo rọ́bà tó ń kán omi. Ẹni tó bá ní ọgọ́rùn-ún báàgì kó lò ó, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fún báàgì ogún tàbí ọgbọ̀n nínú ọgbà ilé, mo gbà tọkàntọkàn pé ọwọ́ ló dáa jù, torí ẹni tó ń bù ú pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ síwájú gbogbo ọ̀gbìn rẹ̀ lójoojúmọ́. Á rí kòkòrò funfun lábẹ́ ewé kó tó di ọ̀wọ́. Á rí ewé tó ń pọ́n kó tó di méjì.

Kí ẹ tó gbìn ín

Kókópíìtì tí wọ́n ń tà lọ́jà sábà máa ń wá láti India tàbí Sri Lanka, ní búlọ́ọ̀kù gbígbẹ. Búlọ́ọ̀kù kìlógíráàmù 5 máa ń wú bíi gààrí tí a ta omi sí, títí yóò fi tó nǹkan bí lítà 60 sí 70, ìyẹn báàgì onílítà 20 mẹ́ta dáadáa. Iyọ̀ máa ń wà nínú rẹ̀, torí etí òkun ni àgbọn ti ń hù jù, ibòmíì sì wà tí wọ́n ti ń rẹ èèpo rẹ̀ sínú omi tó ní iyọ̀ kí wọ́n tó lù ú. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n lọ̀ ní Badagry níbí ni ẹ rí rà, ẹ fọ̀ ọ́ bákan náà.

Ẹ da omi mímọ́ bí ọgbọ̀n lítà sí i, kó wú tán, kí ẹ fún omi náà kúrò. Ẹ tún fi omi mìíràn ṣàn án títí omi tó ń jáde yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ bí èyí tí ẹ dà sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró síbẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ kókópíìtì kọ̀ọ̀kan di sodium àti potassium mú. Bí ẹ bá bu oúnjẹ tó ní calcium sí i, á ju ti ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á sì gba calcium náà mọ́ra, tòmátì kò ní rí i jẹ. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yó. Fún búlọ́ọ̀kù kan, èmi a máa po calcium nitrate giráàmù 100 sínú lítà 30, n ó dà á sórí kókópíìtì náà, n ó fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, n ó ro omi rẹ̀ dànù, n ó sì ṣàn án lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé kò pọn dandan nítorí wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé àwọn ti fọ̀ ọ́. Fífọ̀ yàtọ̀ sí èyí.

Kí báàgì ní ihò nísàlẹ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, kó sì jókòó lórí búlọ́ọ̀kù símẹ́ǹtì tàbí pákó, kí omi tó bá jáde lè ṣàn lọ. Báàgì tó jókòó sínú omi ara rẹ̀ máa fa iyọ̀ náà padà sókè.

Omi àti oúnjẹ

Ẹ mọ omi yín. Mítà EC (ìyẹn òṣùwọ̀n bí iyọ̀ àti oúnjẹ tó yòrò sínú omi ti pọ̀ tó) kékeré tí a ń tì bọ omi ni mo fi ń wo ti kànga ẹ̀rọ mi. Bí omi lásán bá ti ka nǹkan bí 1.0 kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i, ẹ pò ó mọ́ omi òjò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó wà létí òkun nílùú Èkó máa rí ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi òjò sì ni yóò gbà wọ́n. Kí òjò kọ́kọ́ fọ páànù ná kí ẹ tó gbe ike sábẹ́ rẹ̀. Bí mítà yín bá jẹ́ èyí tó ń ka ppm, ẹ wò ó bóyá 500 ló fi ń sọ EC di ppm ni àbí 700, torí EC 2.0 kan náà ni ọ̀kan yóò pè ní 1000, tí èkejì yóò pè ní 1400. Ìjà tí èyí ń dá sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń gbìn kò kéré.

Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ni òṣùwọ̀n mi, pẹ̀lú sikélì kékeré tí wọ́n fi ń wọn nǹkan àkàrà òyìnbó. Nígbà tí tòmátì bá ń dàgbà lọ́wọ́ tí kò tíì yọ òdòdó, mo máa ń fi calcium nitrate giráàmù 15, NPK 20-20-20 tó ń yòrò nínú omi (nọ́ńbà mẹ́ta náà dúró fún nitrogen, phosphorus àti potassium) giráàmù 12, àti Epsom salt, ìyẹn magnesium sulphate, giráàmù 8 sí kẹ́ẹ̀gì kan. Fún èyí tó ṣì wà nínú ife, ìdajì ìyẹn. Tó bá ti ń so, mo máa ń pààrọ̀ NPK náà sí 12-12-36, torí potassium ni èso ń fẹ́ jù: calcium nitrate giráàmù 20, NPK giráàmù 18, Epsom salt giráàmù 10. Ìyẹn máa gbé EC sí nǹkan bí 2.0, yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú omi yín tẹ́lẹ̀. Ẹ yẹ àpò NPK náà wò kí ó ní iron, zinc, boron àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, torí kò sí ibòmíràn tí tòmátì yín ti máa rí wọn. NPK oníwóró tí àwọn àgbẹ̀ ń wọ́n sí ìdí àgbàdo kọ́ ni mò ń sọ o.

Ohun kan wà tí mítà kì í sọ. NPK 20-20-20 sábà máa ń ní yúríà nínú, mítà EC kì í sì í rí yúríà. Bí ó bá ka 1.4, oúnjẹ tó wà níbẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má tìtorí pé nọ́ńbà náà kéré kí ẹ tún bu síbí kan sí i.

Bí a ṣe ń pò ó ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì dé bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ po NPK àti Epsom salt nínú abọ́ kan, ẹ dà á sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n. Ẹ po calcium nitrate nínú abọ́ mìíràn, kí ẹ wá dà á sí i kẹ́yìn, kí ẹ fi omi kún un. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ gbígbẹ papọ̀ sínú omi díẹ̀, calcium máa di mọ́ fọ́sífétì àti sọ́fétì, á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun nísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì. Owó yín ló wà níbẹ̀ yẹn, gbòǹgbò kò sì lè fà á mu.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti pò tán ni ẹ ó wo pH, ìyẹn bí omi náà ṣe kan tó. 5.8 sí 6.2 ni mo ń fẹ́. Omi kànga ẹ̀rọ mi máa ń gbé e kọjá 7, nítorí náà mo máa ń fi citric acid díẹ̀díẹ̀ sí i, irú èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń ṣe sóbò àti súúsì. pH náà kì í pẹ́ kó tó tún gòkè, ẹ má pò ju ohun tí ẹ máa lò lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sí ìbòòji. Omi tó ti gbóná nínú oòrùn kò ní afẹ́fẹ́ tó fún gbòǹgbò.

Bíbù ú

Nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ ni mo máa ń bu àkọ́kọ́. Ike omi onísẹ́ǹtílítà 75 ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, mo lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdérí rẹ̀. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti etí báàgì, n ó yí i ká wọ àárín, díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ kó kan ewé, torí ewé tó ń tutù lemọ́lemọ́ ni àrùn ń fẹ́. N ó bu ìdajì fún gbogbo báàgì, n ó sì padà sí ti àkọ́kọ́ láti bu ìdajì tó kù. Ìdúró díẹ̀ yẹn ń jẹ́ kí omi tàn kálẹ̀ dípò kí ó wá ọ̀nà kan ṣoṣo gbà lọ sísàlẹ̀.

Ìgbà wo ni ó tó? Nígbà tí omi bá jáde nísàlẹ̀. Bí mo bá bu lítà kan, mo fẹ́ rí ìdá kan nínú mẹ́wàá sí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ tó ro sínú àwo. Mo ní àwo pẹlẹbẹ lábẹ́ báàgì méjì péré, àwọn yòókù ń ro sílẹ̀. Méjì ti tó láti sọ ìtàn gbogbo wọn. Omi tó ń jáde yẹn ló ń kó iyọ̀ tí tòmátì kò jẹ lọ. Ẹni tó bá ń ṣọ́ omi lò tí kò jẹ́ kó jáde rárá, iyọ̀ ló ń tò jọ sídìí gbòǹgbò rẹ̀.

Iye ìgbà tí a ó bu ú lóòjọ́ kò dúró sójú kan. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ báàgì ńlá, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ti tó o. Tó bá ti ga dé àyà, ẹ̀ẹ̀mejì. Tó bá ti so lọ́pọ̀ nínú oòrùn oṣù kejì ọdún, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nígbà mìíràn, ọ̀kan ṣoṣo sì lè mu lítà méjì sí mẹ́ta lóòjọ́. Ẹ máa fi ọwọ́ gbé etí báàgì sókè díẹ̀ kí ẹ tó bu omi, kí ẹ tún gbé e lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ọwọ́ yín yóò fi mọ̀ ọ́n. Ẹ má dúró kó fúyẹ́ pátápátá. Kókópíìtì tó gbẹ máa ń súnkì kúrò lára báàgì, omi tí ẹ bá wá bù á kàn gba ẹ̀gbẹ́ jáde ni, ẹ̀yin á sì rò pé ó ti yó. Bákan náà, bí omi inú rẹ̀ ti ń gbẹ ni iyọ̀ inú rẹ̀ ń le sí i. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń dáwọ́ dúró, kí báàgì má bàa tutù rinrin mọ́jú.

Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo ń fi mítà wo omi inú àwo. Bí èyí tí mo bù bá jẹ́ 2.0, tí èyí tó jáde jẹ́ 2.5, kò sí láburú. Bó bá ti kọjá 3.0, n ó dín oúnjẹ kù sí ìdajì, n ó sì bù ú lọ́pọ̀ títí yóò fi wálẹ̀. Mi ò lo omi lásán láti ṣàn án nígbà tí tòmátì wà nínú rẹ̀. Bí èyí tó jáde bá kéré ju èyí tí mo bù lọ, ebi ló ń pa á nìyẹn.

Lásìkò ọyẹ́, tòmátì ń mu omi ju bó ti ń jẹun lọ, nítorí náà mo máa ń jẹ́ kí oúnjẹ fẹ́lẹ́ díẹ̀, n ó sì bù ú léraléra. Lásìkò òjò tí ojú ọ̀run ṣú, ẹ̀ẹ̀kan lè tó, oúnjẹ á sì le díẹ̀ sí i.

Ohun tí ewé àti èso ń sọ

Ìdí èso tó dúdú tó sì rì wọnú ni wọ́n máa ń bi mí jù. Àwọn èèyàn á sáré lọ ra calcium sí i. Calcium sábà máa ń wà níbẹ̀. Omi tó ń wá lónìí tí kò wá lọ́la ni kò jẹ́ kó dé èso. Ẹ tún ìbomirin yín ṣe kí ẹ tó ná owó. Ewé ìsàlẹ̀ tó ń pọ́n láàárín iṣan, magnesium ló ń wá, ẹ fi Epsom salt díẹ̀ kún un. Bó bá jẹ́ ewé tuntun lókè ló ń pọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ wo pH kí ẹ tó wo ohunkóhun, torí bó bá ti ga jù, iron wà nínú omi ṣùgbọ́n gbòǹgbò kò lè mú un. Etí ewé tó jó gbẹ, oúnjẹ ti le jù.

Tàtàṣé ń tẹ̀lé ọ̀nà kan náà, àmọ́ kò fẹ́ oúnjẹ tó le tó ti tòmátì. Mo máa ń dúró sí nǹkan bí 1.8 fún un.

Ẹni tó ń fi ọwọ́ bù ú kò lè lọ òde àríyá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láìfi ẹnì kan sílẹ̀. Ọmọ àǹtí tó wà lókè ló máa ń bá mi ṣe é. Mo máa ń po oúnjẹ náà ní ìdájí ọjọ́ náà, n ó rọ ọ́ sínú àwọn ike náà ní ìwọ̀n báàgì kọ̀ọ̀kan, n ó fi ìdérí tó lu ihò dé ọ̀kan, n ó tò wọ́n sínú ìbòòji, n ó sì sọ fún un pé kó bu ìlà àkọ́kọ́ ní aago mẹ́sàn-án, ìlà kejì ní aago méjì ọ̀sán, kó má fi omi ẹ̀rọ kún un, bí ewé bá sì rọ, kó pè mí kó tó ṣe ohunkóhun.