Bí ẹ ṣe máa gbọ́ gothic metal onígbàgbọ́ nígbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ ò ní sá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ gothic metal onígbàgbọ́ yìí, ìyẹn orin Jésù tí wọ́n fi gìtá iná tó ń dún wúwo, kúáyà àti igbe kọ, lẹ́ẹ̀kan tẹ́ ẹ sì pa á lójú ẹsẹ̀, mi ò bá yín wí o. Bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn nílé wa ní Súrùlérè, spíkà fóònù ni mo fi ṣí i, mo gbé e lé orí fìríìjì, kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù, àfi bí màmá mi ṣe yọ láti kíṣìnnì, ọmọrogùn lọ́wọ́ wọn, àmàlà ṣì ń kán lára ẹ̀, wọ́n ní "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀mí wo lò ń pè wọlé mi?" Mo ní orin Jésù ni mà. Wọ́n ní Jésù wo.

Spíkà fóònù yẹn ló bà á jẹ́. Kì í gbé básì, kì í gbé fayolíìnì tó wà lẹ́yìn, igbe yẹn nìkan ló máa ń yọ síta. Torí náà ẹ wá íápíìsì tó dáa, kẹ́ ẹ dúró di alẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò bá ti kú. Ẹ má dán an wò nínú dánfó jọ̀ọ́, kọ̀ńdọ́, họ́ọ̀nù, orin dírẹ́bà, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Nǹkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé etí ọmọ Èkó ti mọ ìdajì orin yìí tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ ti jókòó rí nínú Cathedral Church of Christ ní Marina? Ilé tí wọ́n parí ní 1946 yẹn, gothic ni wọ́n ń pe irú ìkọ́lé ẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà ni Thomas Ekundayo Phillips ti tẹ dùùrù tó sì darí kúáyà láti 1914, kí wọ́n tó parí ilé yẹn, títí di 1962. Tí dùùrù bá sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, bẹ́ǹṣì á máa gbọ̀n lábẹ́ ìdí yín, ẹ ò ní mọ̀ bóyá etí lẹ fi ń gbọ́ ọ ni àbí àyà. Iṣẹ́ tí gìtá ń ṣe nínú orin yìí nìyẹn gẹ́lẹ́, sópránò, ohùn obìnrin tó ga jù, á wà lókè, kúáyà á wà láàárín, gìtá á wá máa mi ilẹ̀ nísàlẹ̀.

Ibi tí màá ní kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni Requiem, àwo orin ẹgbẹ́ akọrin Virgin Black, ará Adelaide ní Ọsirélíà. Apá mẹ́ta ni, ẹ̀yin ọmọ kúáyà á mọ ìtumọ̀ orúkọ wọn: Pianissimo (pẹ̀lẹ́ gan-an), Mezzo Forte (sókè díẹ̀), Fortissimo (sókè gan-an). Mezzo Forte ló kọ́kọ́ jáde ní 2007, Fortissimo tẹ̀ lé e ní 2008, Pianissimo ò jáde títí di 2018, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀ lé ọdún, orúkọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Nínú Pianissimo, ọ̀kẹ́sítírà àti kúáyà ló gba gbogbo ilé. Mo ṣí i lálẹ́ Good Friday kan, màmá mi jókòó, wọn ò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n wá béèrè pé òkú ta ni wọ́n ń sin. Wọ́n mọ̀ ọ́n! Orin ìsìn òkú ni requiem, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó ń dún tayọ̀tayọ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ akọrin HB ní Finland, obìnrin ló ń kọrin níwájú, orúkọ Jésù ò sì fara pamọ́ níbẹ̀. Finland yẹn náà ni àwọn Lutheran ti ń fi metal kọ hímù nínú ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì láti 2006, ẹ sọ fún pásítọ̀ yín tó bá béèrè.

Ó wá ku igbe yẹn, torí òun ló ń lé èèyàn. Ohùn eégún ló jọ létí wa, ìdí tí àyà àwọn ìyá wa fi ń já nìyẹn, mi ò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Sáàmù 22, "Ọlọ́run mi, Ọlọ́run mi, èéṣe tí ìwọ fi kọ̀ mí sílẹ̀," kẹ́ ẹ gbìyànjú láti fi ohùn dídùn kà á. Kò ṣeé ṣe! Ẹni tó wà nínú ọ̀fìn kì í ké bíi sópránò. Ìgbà tọ́rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ni mo tó lè gbọ́ Fortissimo, níbi tí igbe yẹn wà, délẹ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀, tó bá ti mọ́ yín lára, ẹ wá Legend, àwo orin ẹgbẹ́ Saviour Machine, ará California, apá àkọ́kọ́ jáde ní 1997, Ìwé Ìfihàn ni wọ́n gbé e lé. Ẹ tẹ́ Bíbélì sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ play, kẹ́ ẹ sì wá àsìkò, torí ó gùn gan-an.