Owó Àtọ̀ Tí Mo San Lásán Kí Màlúù Mi Tó Lóyún

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi àtọ̀ akọ màlúù sí abo màlúù mi láìmú akọ wá tí oyún kò sì dúró, èmi ni mo ń sanwó, ẹni tó fi í sí i a sì máa sọ pé àgàn ni. Màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí mo ń fún wàrà rẹ̀ láràárọ̀! Bẹ́ẹ̀ oyún màlúù ń gba nǹkan bí ọjọ́ 283, nítorí náà ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ kan lọ́dún kò ní ju bí ọjọ́ 80 lọ lẹ́yìn ìbímọ láti tún mú un lóyún.

Bí a ṣe ń yọ́ àtọ̀ tó ti dì, tí a sì ń fi í sí ilé ọmọ, iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há ni àkókò. Nǹkan bí ọjọ́ 21 síra ni abo màlúù ń wá akọ, kì í sì í sábà ju wákàtí 18 lọ. Nígbà tí ìyẹn bá ti parí ni ẹyin tó ń já, kì í sì í pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé èyí tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni kí a fi àtọ̀ sí i. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọkùnrin tí mo ń pè mọ òfin yìí lórí, ṣùgbọ́n bó bá ṣèlérí ìrọ̀lẹ́, ọ̀sán ọjọ́ kejì ni yóò yọjú. Nígbà kan mo fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ìrù màlúù náà hàn án, ó ní àmì pé ara rẹ̀ ti yá nìyẹn, ó sì gba owó rẹ̀. Irọ́ gbuu ni! Ẹ̀jẹ̀ yẹn máa ń jáde ní ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí wíwá akọ ti parí. Omi mímọ́ tó ń fà bíi funfun ẹyin tútù ni à ń wò fún.

Òru ni ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń gun ara wọn, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Èyí tó ń gun ẹlòmíràn kọ́ ni ká mú pé ó ń wá akọ, bí kò ṣe èyí tó dúró gbọn-in tí wọ́n ń gùn. Mo bá po ẹfun, mo kùn ún sí ẹ̀yìn màlúù mi lókè ìrù, kí ó lè pa rẹ́ bí wọ́n bá gùn ún. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹfun ti pa rẹ́, irun ibẹ̀ sì ti rí wúruwùru. Inú mi dùn débi pé mo ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó mọ iṣẹ́ dáadáa ni mo pè, ó sì dé ní wákàtí tó dá.

Ọjọ́ 21 kọjá, ẹfun tuntun kò yẹ̀. Dókítà ẹran yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, oyún wà níbẹ̀. Nísinsìnyí, wákàtí tí ẹni tí mo bá pè yóò dé ni mo ń kọ́kọ́ béèrè, kí n tó béèrè iye owó rẹ̀. Mo ti sàmì sí ọjọ́ tí n óò dá wàrà fífún dúró, nǹkan bí ọjọ́ 60 ṣáájú ìbímọ, kí ọmú lè sinmi. Ó ń dùn mí láti fi wàrà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí n kò bá ṣe é, èyí tí màlúù náà yóò mú wá lẹ́yìn ìbímọ yóò dín kù.