Bí ẹ ṣe lè tọpa ìdílé tó ti wà ní Massachusetts láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì

Ìdílé ìyá ọkọ mi ti ń gbé ní Massachusetts kí Amẹ́ríkà tó gba òmìnira. Ọmọbìnrin mi bẹ̀ mí pé kí n kì wọ́n, bí mo ṣe máa ń ki àwọn ará ilé wa ní Ìjẹ̀bú. Wọn ò ní oríkì. Ìwé ni wọ́n ní, ọdún méjì sì ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ló ń sáré lọ sórí ọkọ̀ Mayflower, ọkọ̀ òkun tó gbé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan wá tẹ̀dó síbẹ̀. Èèyàn 102 péré ni ọkọ̀ yẹn gbé wá lọ́dún 1620, nǹkan bí ìdajì wọn ló sì kú nígbà òtútù àkọ́kọ́. Ẹ má ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àgbà tó wà láàyè ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa rìn padà sẹ́yìn, ìran kan lẹ́yìn èkejì. Ìyá ọkọ mi gbé Bíbélì ìdílé wọn fún mi. Láàárín Májẹ̀mú Láéláé àti Májẹ̀mú Tuntun, orúkọ àwọn òkú kún ojú ewé mẹ́rin, tádàwà rẹ̀ ti pọ́n bí omi tíì.

Látibẹ̀, ẹ gba inú ìwé ìkànìyàn ìjọba Amẹ́ríkà, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí FamilySearch, ìkànnì ìtàn ìdílé kan. Ti 1880 sọ bí kálukú ṣe jẹ́ sí baálé ilé. Ti 1850 kọ orúkọ gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú. Ṣáájú ìyẹn, títí dé 1790 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, orúkọ baálé nìkan ni.

Tẹ́ ẹ bá ti kọjá 1790, ẹ mọ ìlú tí wọ́n gbé, torí akọ̀wé ìlú ló ń kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí Mary méjì, ìyá kan, bàbá kan, ọdún mẹ́ta ló wà láàárín wọn. Mo rò pé akọ̀wé ṣì í kọ ni. Àṣé àkọ́kọ́ ti kú, wọ́n sì fún èyí tó tẹ̀ lé e lórúkọ rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, Málọmọ́ tàbí Kòkúmọ́ ni ì bá máa jẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún “Junior”. Oṣù mẹ́rin ni mo fi tọpa John kan tí kì í ṣe tiwa. Bí John méjì bá wà nílùú kan nígbà yẹn, èyí tó dàgbà ni Senior, èyí tó kéré ni Junior, wọn ì báà má bára tan rárá. Ẹ tún ṣọ́ra fún ọjọ́ tí wọ́n kọ síwèé. Kí 1752 tó dé, ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni ọdún tuntun wọn ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí “February 1691/2”, 1692 ni lójú tiwa.

Ìwé ìhágún ló tú ọ̀rọ̀ John náà fún mi. Bàbá kan dárúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin àti ọkọ rẹ̀, ohun tí mi ò rí nínú ìwé ìgbéyàwó kankan. Kóòtù tó ń rí sí ogún ní káńtì wọn, ìyẹn ẹkùn kan nínú ìpínlẹ̀, ló ni ìwé yẹn. Ẹ ka àkọsílẹ̀ ẹrù olóògbé tó máa ń tẹ̀ lé e dópin. Èmi kà á: bẹ́ẹ̀dì kan, ìkòkò irin, màlúù méjì, lẹ́yìn náà “ọmọkùnrin adúláwọ̀ kan”, pẹ̀lú iye owó rẹ̀. Kò lórúkọ. Láti 1641 ni òfin Massachusetts ti fàyè gba ẹrú níní. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo sunkún.

Bẹ́ ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ má fò ó. Mo kọ ọmọ náà sínú ìwé ìran àwọn ọmọ mi, mo fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ rẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan kọ ìrìbọmi àwọn ẹrú sílẹ̀. Ìwé ti ìlú yẹn ni mo ń kà báyìí.