Bí a ṣe ń múra sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ òfin láti Abẹ́òkúta

Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ni ẹni tó bá fẹ́ di agbẹjọ́rò máa gbà kọjá, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Èkíní ni yunifásítì, níbi tí ẹni tó gba JAMB wọlé ti ń lo ọdún 5. Èkejì ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, tí olú rẹ̀ wà ní Bwari lẹ́bàá Àbújá.

Nítorí náà, kí o tó kọ orúkọ yunifásítì sínú fọ́ọ̀mù, wádìí bóyá Council of Legal Education, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ òfin, fọwọ́ sí ẹ̀ka òfin ibẹ̀, torí pé oyè tí wọn kò fọwọ́ sí kò lè gbé ọ dé Bwari. Nítòsí wa, Yunifásítì Crescent, tí Ọmọọba Bọ́lá Ajíbọ́lá tó ti ṣe adájọ́ ní Kóòtù Àgbáyé dá sílẹ̀, ń kọ́ni ní òfin; Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ (OOU) náà ń kọ́ni ní Àgọ́-Ìwòyè. Má fi Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣeré, nítorí òun àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni JAMB ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ka òfin, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ méjì mìíràn.

Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù ni pé kí o máa lọ jókòó ní kóòtù. Kóòtù Májísíréètì wà ní Ìsàbọ̀, abala 36 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa (constitution) ti 1999 sì ní kí ìgbẹ́jọ́ máa wáyé ní gbangba. Wọ aṣọ tó bójú mu, pa fóònù rẹ, kí o sì dìde bí adájọ́ bá ń wọlé. Kọ ohun tí olùpẹjọ́ ń béèrè sílẹ̀, kọ èsì olùjẹ́jọ́ náà, nítorí agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Lẹ́yìn náà, kọ ìbéèrè tó mú kí ẹlẹ́rìí kólòlò. Nígbà mìíràn, ńṣe ni wọn yóò kàn sún ẹjọ́ síwájú, tí owó ọkọ̀ rẹ yóò dà bí òfò. Fara dà á. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà rí.

Bí o bá délé, kọ gbogbo rẹ̀ sí ìdajì ojú ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí o sì wá ẹni tí kò sí ní kóòtù náà kí ó kà á. Bí kò bá lè sọ ohun tí wọ́n ń jà sí, tún un kọ.

Ní alẹ́, ka Orí Kẹrin ìwé òfin ilẹ̀ wa, láti abala 33 dé 46, ọ̀kan lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò gbà ọ́.