Ṣé ìlànà tí ẹ fi ń ra ṣíà ń mówó wọlé lóòótọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ṣíà lórí fóònù láti Kubwa tàbí Gwarinpa ní Àbújá, owó tí wọ́n ń yọ lórí káràkátà ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Kọmíṣọ̀n bírókà, ẹni tó ń bá yín ra ṣíà tó sì ń bá yín tà á, lè tó 1.35% nígbà tí ẹ bá ń rà, ó tún lè tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tà. Ẹ fi owó SEC (àjọ tó ń ṣàbójútó ọjà ṣíà), ti NGX (ọjà ṣíà Nàìjíríà fúnra rẹ̀), ti CSCS (ilé-iṣẹ́ tó ń pa àkọsílẹ̀ ṣíà mọ́) àti àwọn yòókù kún un, àlọ àti àbọ̀ lè sún mọ́ 4%. Ẹ má ṣe fọkàn díwọ̀n rẹ̀ o: ẹ ṣí contract note, ìwé ẹ̀rí káràkátà tí bírókà fi ránṣẹ́, kí ẹ ṣírò tiyín níbẹ̀. Àǹfààní tí à ń wá ni èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó wọ̀nyí.

Ká ní nínú káràkátà 100, 45 jèrè 12% lọ́kọ̀ọ̀kan, 55 sì pàdánù 5%. 45 × 12 jẹ́ 540; 55 × 5 jẹ́ 275. Ó ku 265, ìyẹn 2.65% lórí káràkátà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá yọ 4%: àdánù 1.35% ló kù. Ẹni tó ń kó tòmátì láti Kánò wá sí ọjà Wuse kì í ka èrè láìtíì yọ owó ọkọ̀. Ẹ wo ìlànà mìíràn tó ń di ṣíà mú pẹ́ kí èrè lè pọ̀: 40 jèrè 25%, 60 pàdánù 8%. 1,000 yọ 480 ku 520, ìyẹn 5.2%, ẹ yọ 4%, ó ku 1.2%. Ìdí nìyí tí ìlànà tó ń di ṣíà mú fún oṣù mélòó kan fi sàn lọ́jà wa ju rírà lónìí, títà lọ́la.

Ẹ kọ ìlànà náà sílẹ̀ lọ́nà tí ẹlòmíì á fi lè tẹ̀ lé e láìbi yín léèrè. Bí àpẹẹrẹ: ní Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù, ẹ mú ṣíà 30 tí owó tó pọ̀ jù ń wọ̀ (èyí tí wọ́n ń rà tí wọ́n sì ń tà jù), ẹ ra mẹ́ta tó gòkè jù láàárín oṣù 6, ẹ ta èyí tó bá jáde nínú mẹ́wàá tó gòkè jù, tàbí tó bá fi 8% wálẹ̀ sí iye tí ẹ rà á.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìdánwò, ìyẹn fífi iye owó ṣíà àtẹ̀yìnwá wo bí ìlànà náà ìbá ṣe ṣe. Bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ pín èrè tàbí bonus (ṣíà ọ̀fẹ́), iye owó ṣíà náà máa wálẹ̀ lọ́jọ́ kan. Tí fáìlì Excel yín kò bá ṣàtúnṣe rẹ̀, á kà á sí àdánù, á sì ní kí ẹ tà láìnídìí. Bákan náà, ẹ má ṣe fi orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lónìí nìkan dán an wò. Skye Bank tí wọ́n fagi lé ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 2018, àti Diamond Bank tó wọnú Access Bank ní 2019, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí ẹ lè ti rà wọ́n nígbà yẹn. Ẹ tún ìlànà ṣe lórí 2012 sí 2019, kí ẹ fi 2020 sókè pamọ́ láìfọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi parí, lẹ́yìn náà kí ẹ dán an wò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ẹ bá ń padà lọ tún un ṣe, ìdánwò ti bàjẹ́. Ọdún 2023 nìkan kò sì tó ẹ̀rí rárá, torí ọjà gòkè ju 45% lọ lọ́dún náà; ìlànà burúkú pàápàá jèrè.

Mélòó ló tó? Ìlànà tó ń jèrè nígbà 40 nínú 100 lè hàn bíi 22% tàbí 58% nínú káràkátà 30, láìjẹ́ pé nǹkan kan yí padà. Nínú 100, ó máa ń wà láàárín 30% sí 50% lọ́pọ̀ ìgbà. Àdánù mẹ́fà léraléra sì lè dé láìsí àṣìṣe kankan. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn ti ń pa ìlànà tì, ó sì ń dùn wá.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí àdánù lórí káràkátà kan ju 1% owó yín lọ. Lórí ₦500,000, ₦5,000 nìyẹn. Àdánù 8% àti owó káràkátà 4% jẹ́ 12%. Ẹ pín 5,000 sí 0.12, ẹ ó rí i pé nǹkan bíi ₦41,600 ni kí ẹ fi rà. Ẹ má fi owó ilé ọdún tàbí èyí tí ẹ yá ní àjẹṣẹ́kù ṣe é.

Iye yẹn nìkan kò tó ààbò. NGX kì í jẹ́ kí ṣíà wálẹ̀ ju 10% lọ lójúmọ́. Bí ìròyìn burúkú bá dé, ó lè máa já 10% lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mélòó kan láìsí ẹni tó fẹ́ rà, 8% tí ẹ kọ sílẹ̀ á sì kọjá lójú yín. Ẹ yẹra fún ṣíà tí owó tí ẹ fẹ́ fi rà bá ju 5% ohun tó ń wọ̀ ọ́ lójúmọ́ lọ.

Nínú àkọsílẹ̀, ẹ kọ iye tí ìlànà ní kí ẹ rà sí ẹ̀gbẹ́ iye tí ẹ rà á gan-an. Bí ìyàtọ̀ bá ń sún mọ́ 1%, èrè 1.2% tí a ṣírò lókè ti fẹ́ẹ̀ tán: ẹ dín iye tí ẹ ń rà kù, tàbí kí ẹ yọ ṣíà náà kúrò.