Páàkì Wà, Àwọn Ọmọ Ò Wọ̀ Ọ́: Àṣìṣe Tí A Máa Ń Ṣe Lórí Eré Ọmọdé Ládùúgbò

Kì í ṣe páàkì mọ́tò ni mo ní lọ́kàn o. Ọgbà ìgbafẹ́ ni, irú èyí tí ìjọba Èkó ṣe káàkiri nígbà Fáṣọlá, tí LASPARK, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ọgbà, ń bójú tó, àti àwọn pápá kéékèèké tí ará àdúgbò ń fọwọ́ ara wọn tọ́jú. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí èmi àti àwọn kan ti ń kó ọmọ jọ ṣeré ní irú ibẹ̀, ní àdúgbò tí ìdílé mẹ́jọ ti ń lo ilé ìwẹ̀ kan. Èmi náà ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí.

Èyí tí mo ń gbọ́ jù ni pé ọmọ mẹ̀kúnnù kò nílò eré ìdárayá. Bàbá kan wò mí lójú, ó ní, "Tíṣà, ọmọ tó ti kiri píọ́ wọ́tà láti ọ̀sán, eré wo lẹ tún fẹ́ kó sá?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn ún gbọ́, àmọ́ ẹrù orí kì í ṣe eré. Ọmọ tó ru igbá kò lè fò, kò lè gun nǹkan, ọrùn rẹ̀ ló ń jìyà. Èyí tó jókòó ti àtẹ ata títí ilẹ̀ fi ṣú kò tilẹ̀ rìn rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020 pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa rí ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ní ìpíndọ́gba, tí ara rẹ̀ á fi ṣiṣẹ́ débi tí àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Kí ọjọ́ 3 ó kéré tán láàárín ọ̀sẹ̀ sì ní eré tó ń mú egungun àti iṣan le.

Àṣìṣe kejì wà lára pátákó: "Má tẹ koríko." Nígbà tí wọ́n ṣí ọgbà kan nítòsí wa, òdòdó ń tàn, wọ́n kun irin yíká, wọ́n fi máígádì sẹ́nu ọ̀nà. Mo rí ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ. Ó ti bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó gbá irin mú, ó ń wo koríko, ó tún ń wo máígádì. Ó ṣe díẹ̀, ó wọ sálúbàtà rẹ̀ padà, ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà. Lójú tèmi, yanrìn lásán tí ẹsẹ̀ ọmọ ti họ kanlẹ̀ sàn ju koríko tí a ń ṣọ́ bí ẹyin lọ.

Owó ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Ẹ ní ₦200 péré ni. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin á ṣe ìṣirò rẹ̀ sí ₦800, owó ọbẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí wọ́n bá tẹ́ koríko oníke sí pápá, tí wọ́n wá ń gba owó wákàtí lọ́wọ́ àwọn àgbà: ọmọdé ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé. (Koríko yẹn máa ń gbóná lóòrùn débi pé ọmọ tí kò ní bàtà kò lè dúró lórí rẹ̀.) Níbi tí wọ́n bá sì ti ń fi pápá háyà fún òde àríyá ní gbogbo Sátidé, ẹ rán àwọn ìgbìmọ̀ létí pé ìpín 12 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré. Èkó ti sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ láti 2007.

Àkókò ni èmi fi ṣìnà ní tèmi. Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo fi eré sí, àwọn ọmọ ò wá. Wọ́n ń fọṣọ, wọ́n ń bá ìyá wọn lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ ilé ìwé, wọ́n máa ń bọ́ lẹ́nu lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn ilé ìwé, ní bí aago márùn-ún, oòrùn sì ti ń wọ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje. Àárín wákàtí kan ààbọ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Tí máígádì bá wá ń ti géètì ní aago mẹ́fà, ta ni wọ́n ṣe ọgbà náà fún?

Ẹ má sì fi gbogbo pápá fún bọ́ọ̀lù. Nígbà tí a fi gbogbo rẹ̀ fún un, etí pápá làwọn ọmọbìnrin ń jókòó sí, wọ́n ń bá àwọn ọmọkùnrin he bọ́ọ̀lù. A wá fi ṣọ́ọ̀kì fa súwè sílẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, a yọ apá kan sọ́tọ̀ fún tẹ́ńtẹ́ń. Síbẹ̀, ọmọbìnrin kan ń fò pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn, orí ọmọ náà ń mì lọ mì bọ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì tó wà níwájú ibẹ̀ ló pè é: "Gbé e wá ńbí, ìyá kékeré." Ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ kalẹ̀ fún màmá náà. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè nà án ní tẹ́ńtẹ́ń. Láti ìgbà náà, ibòji àti ẹní fún àwọn àbúrò wà lára ohun tí a máa ń kọ́kọ́ tẹ́ kalẹ̀.

Kóòṣì tó ń fi pàṣán lé ọmọ yípo pápá, ẹ dákun, ẹ dá a dúró. Nílé ìwé, fífò bí ọ̀pọ̀lọ́ àti dídúró lẹ́sẹ̀ kan kí a fi ìka kan ilẹ̀, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ. Tí ọmọ bá tún bá a ní pápá, ìyà náà ni yóò kà á sí. Ta ló ń fi pàṣán mú ọmọ ṣe ẹkùn-mẹ́ran? Kí wọ́n ṣáà ti di ọwọ́ mú yíká, kí ẹnì kan gbé orin, ẹ ó rí eré sísá.

Àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà láàárín wọn, ẹ má lé wọn sílé. Ẹ bi ìyá wọn bí ara wọn ṣe gbà á, ẹ jẹ́ kí omi wà ní kẹ́ẹ̀gì nítòsí, kí wọ́n lè sinmi nígbà tó bá wù wọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Jáńgílọ́fà ló kù. Wọ́n máa ń ṣí i pẹ̀lú fọ́tò, lórí kọnkéré, nígbà tó jẹ́ yanrìn tó jìn ló yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta, ṣéènì já, kò sẹ́ni tí yóò tún un ṣe. Tiwa náà já rí, ọmọ kan sì ṣubú, ó fi ìgbọ̀nwọ́ lu ilẹ̀. Owó wẹ́dà la kọ́kọ́ ń yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí, kí a tó ra bọ́ọ̀lù.